Adúmáadán Pọ̀ Nílé Yìí: Sí Kẹ́hìndé, Lórí Àkọlé Àwọn Ìwé Tó Ń Tò

Ìgbó-Ọrà

Kẹ́hìndé ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Ìdì ìwé tí o fi tẹ̀lé e náà dé. Mo kà á, mo tún un kà, nígbà tó yá mo gbé e fún bàbá rẹ pé kí ó bá mi wò ó, bóyá ojú mi ni kò ríran mọ́. Bàbá rẹ tí kò mọ̀wé wò ó títí, ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó ní ohun tí òun rí ni pé wọ́n lu ihò sí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀rọ̀ ihò yẹn nìkan ló dá àwa méjèèjì lójú nínú gbogbo rẹ̀.

Má bínú pé mi ò tíì kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Ìbàdàn ti mọ́ ọ lára? Iṣẹ́ tuntun ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o rí oúnjẹ jẹ ní ọ̀sán? Ara wa le níbí. Táyé wá láti Lánlátẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun tó kọ́kọ́ jáde ṣì ni ẹ̀gbọ́n, ohun yòówù kí àwọn èèyàn máa sọ, kí o má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú ọ gbàgbé rẹ̀. Bàbá Dérẹ́bà ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ó ń kó gaàrí bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́la.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rò pé o sọ, kí o lè mọ ibi tí mo ti ṣìnà. O ní àwọn èèyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n jọ ń ṣe ètò kan fún kọ̀ǹpútà. Ètò náà ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gba orí wáyà tẹlifóònù bá èkejì sọ̀rọ̀. Wọn kì í tà á. Ẹni tó bá wù yóò mú un lọ́fẹ̀ẹ́, yóò ṣí inú rẹ̀ wò, bí ó bá rí ibi tí kò dára yóò tún un ṣe, yóò sì dá a padà fún àwọn yòókù. Ọ̀gá rẹ ń lo ètò yìí níbi iṣẹ́, òun ló sì ní kí ìwọ ẹni tuntun bá wọn to àwọn ìwé àlàyé rẹ̀, kí o fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tí yóò jẹ́ kí èèyàn tètè rí ohun tó ń wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ nísàlẹ̀ yìí kò wúlò, kí o fi dáná.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀wẹ̀ ni. Mo ní ọ̀wẹ̀ kẹ̀? Nínú ọ̀wẹ̀ a mọ ẹni tó ni oko, òun ló sì ń se oúnjẹ fún àwọn tó wá bá a ro ó. Ta ló ni oko yìí? Ó ní gbogbo wọn. Mo ní ta ló ń se oúnjẹ? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní bóyá oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀ wá láti ilé. Mo ní a jẹ́ pé orí wọn kò pé. Ó ní orí ọmọ mi náà wà níbẹ̀, kí n rọra. Ibẹ̀ la fi í sí. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò mọ ẹni tó ń sebẹ̀ fún un yín.

Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo rúdurùdu yìí, mo rí ohun tó wà nídìí lẹ́tà rẹ. Ọ̀rọ̀ bàbá òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni. O ní òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé àlàyé, àgbàlagbà ni, ẹ̀fẹ̀ ló sì fi ń ṣe àkọlé. Ojú ìwé tó sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí ọ̀rọ̀ bá já lórí wáyà, "Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi" ló pè é, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan ni tirẹ̀ já. Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gánà kọ̀wé sí yín pé òun wá ojú ìwé yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, òun kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń retí èsì àyẹ̀wò tó yẹ kó gba orí wáyà náà wá. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ti ní kí o yí àwọn àkọlé náà padà bó ṣe wù ọ́. O kò sì lè yí i. O ní bí o bá ti gbé ọwọ́ lé e, wàá tún gbé e kúrò, pé ta ni ìwọ ọmọ àná tí yóò máa fa igi lé ọ̀rọ̀ ẹni tó tó bàbá rẹ bí. Ọ̀gá rẹ wá sọ pé bí àwọn ìwé náà kò bá tò kí ẹ̀dà tuntun ètò náà tó jáde, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà, òun kò sì ní lè fi orúkọ rẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ gidi. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, ṣé kí o kúkú fi í sílẹ̀ ni.

Ìyẹn yé mi. Ó sì dùn mí, nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó dè ọ́ lọ́wọ́ yẹn. Jókòó dáadáa. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Èkíní. Nínú ìdì ìwé tí o fi ránṣẹ́, mo rí "Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú" níbí, mo rí "Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú" lọ́hùn-ún, mo tún ṣí i síwájú, mo tún bá a. Mo rò pé mo ti ń ká ìwé padà sẹ́yìn. Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ "Kà Mí". Ìwé wo ni kò fẹ́ kí a ka òun? Kẹ́hìndé, Ìgbó-Ọrà la bí ọ sí. Lọ dúró ní oríta kí o pe Táyé, kí o wá wo iye orí tí yóò yíjú sí ọ. Ṣé gbogbo wọn kọ́ ni orúkọ náà tọ́ sí? Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó tọ́ sí gbogbo èèyàn kò lè bá ọ wá ẹnì kan ṣoṣo jáde.

Ọmọ Èrúwà ni mí, o mọ̀, ojú mi kò tíì mọ Ìgbó-Ọrà nígbà tí wọ́n gbé mi dé. Ọ̀rẹ́ mi kan bí ìbejì, mo fi adìyẹ ránṣẹ́ sí i. Mo ní kí wọ́n gbé e fún Ìyá Ìbejì tó ń gbé nítòsí mọ́ṣáláṣí. Mo rò pé mo ti sọ ọ́ yanjú. Adìyẹ náà dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì lóòótọ́, ó sì jẹ ẹ́, ó tún wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kejì, èmi kò sì rí obìnrin náà rí. Ọ̀rẹ́ mi bá mi yodì, ó pẹ́ kó tó dá mi lóhùn. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kọ "Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú", kọ ti ta ni. Ti ẹni tí kò tíì fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà rí ni, àbí ti ẹni tó fẹ́ bá yín tún inú rẹ̀ ṣe? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ìwọ náà wo àwọn ọmọ tó ti wà nílé kí o tó sọ èyí tó dé lórúkọ.

Èkejì. Èyí ló wà lọ́kàn mi jù. O ti gbọ́ ìdajì ìtàn yìí lẹ́nu àwọn ìyá rẹ nínú agboolé, ìdajì tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọn kì í sọ ìdajì kejì.

O mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí kí o tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹ̀yìn ló wà, ọkọ rẹ ni. Ìwọ ni wàá fún un ní orúkọ tí wàá máa pè é. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ń fún wọn ní tirẹ̀. Èyí tó pọ́n, yóò pè é ní Apọ́nbéporẹ́. Èyí tó mọ̀wé ni Akọ̀wé. Èyí tó dúdú tó ń dán ni Adúmáadán. Nígbà tí mo dé, àbíkẹ́yìn Màmá tó bí bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ó dúdú, ó ń dán bí ikin. Mo pè é ní Adúmáadán. Ẹni náà ni ìwọ ń pè ní Bàbá Dérẹ́bà lónìí.

Màmá ń lọ sí Tápà, ní Ìbàràpá wa níbí, ó ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó bímọ níbẹ̀. Kó tó lọ, ó di ewé àti èèpo igi sínú tákàdá àpò sìmẹ́ǹtì, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí ara oníkálukú ṣe gbà á. Ó ní kí èmi ìyàwó tó jẹ́ tíṣà kọ ti oníkálukú sára rẹ̀, kí ẹni tó bá wà nílé lè rí i mú. Mo mú bírò. Ọwọ́ mi dúró sókè. Orúkọ àwọn ọkọ mi ni kí n kọ? Lójú mi nígbà náà, kíkọ burú ju pípè lọ, nítorí ohun tí a fi ẹnu pè á tán létí, èyí tí a kọ yóò wà níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Mo wá kọ orúkọ tí mo fún wọn. Ti Adúmáadán. Ti Ìbàdí-Àrán. Ti Akọ̀wé. Mo fẹ́ fi àìsàn tó wà fún kún un, Màmá ní rárá, wọn kì í fi ẹnu pe gìrì mọ́ ọmọ. Mo ní kò burú. Mo tò wọ́n sínú agbọ̀n dáadáa, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó lẹ́wà. Inú mi dùn pé wọn yóò mọ̀ pé mo kẹ́kọ̀ọ́ ilé wá láti Èrúwà.

Kò pẹ́ tí Màmá lọ ni gìrì gbé ọmọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Èmi ti lọ sí Ìdèrè níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, bàbá rẹ wà ní oko ọ̀nà jíjìn. Àwọn obìnrin gbé agbọ̀n jáde, wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, òun nìkan ló mọ̀wé tó kù nílé. Ó ka èyí tó kọ́kọ́ bà lọ́wọ́, ó ní "Ti Adúmáadán." Ìyáálé mi àgbà ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, Adúmáadán ni àǹtí tó lọ sílé ọkọ ní Lánlátẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní irọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà tó ń kàwé gan-an ni Adúmáadán. Ẹnì kẹta tún ní tirẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, Kẹ́hìndé. Gbogbo wọn ló ní Adúmáadán tiwọn. Ọmọ náà sì ń gbọ̀n lórí ẹní, eyín rẹ̀ há pọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà gun kẹ̀kẹ́, ó fi eré wà á dé Ìdèrè. Mo wà níwájú àwọn ọmọ, mo ń kọ ìṣirò sára pátákó, ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. Kò kí mi. Ó ní, "Ìyàwó, ta ni Adúmáadán?"

Ṣé o mọ̀ pé mi ò lè sọ orúkọ rẹ̀? Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu mi là, orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi, kò jáde. Ohun tí mo sọ ni, "Ẹni tó kẹ́yìn lọ́wọ́ Màmá." Ó yí kẹ̀kẹ́ padà kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Kó tó dé ilé, àwọn tó wà lọ́dọ̀ ọmọ náà ti fòyà, ẹnì kan sì ti ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe láyé ìgbà náà bí gìrì bá kọ̀ tí kò lọ. Ó ti ki ẹsẹ̀ ọmọ náà bọ iná. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú ibi tó jó, kò kú, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ìwọ àti Táyé máa ń sín jẹ nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí mo fi nà yín tí ẹ̀yin kò sì mọ ìdí tí ẹgba náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú mọ́tò tó ń wà títí di òní.

Màmá padà wálé. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní ọ̀wọ̀ ni mo bọ̀, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò já sí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń fi òróró pa ojú egbò náà. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, bí ọmọ mi bá kú, ta lo wá ń bọ̀wọ̀ fún?"

Mo gba òróró náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a pa ojú egbò náà. 

O rí i báyìí pé bàbá òyìnbó rẹ àti èmi, iṣẹ́ kan náà la ṣe. Mo kọ orúkọ tí èmi mọ̀, òun náà kọ èyí tí òun mọ̀. Lójú ẹni tó kọ ọ́, kò sí ohun tó ṣókùnkùn níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ já mọ́ lọ́wọ́ ní Gánà kò sí lọ́dọ̀ bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi yẹn. Kọ ohun tí ẹni tó wà nínú wàhálà yóò máa sọ lẹ́nu nígbà tó bá ń wá a. Yóò ní, "Ọ̀rọ̀ já lórí wáyà, kí ni kí n ṣe?" Fi ìyẹn ṣe àkọlé. Má bẹ̀rù láti pe àìsàn lórúkọ. Màmá náà kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ní kí n kọ gìrì, kí n kọ ọ́ gàdàgbà.

Mo ti sọ èkejì tán, àbí ẹ̀kẹta ni mo wà? Ìyẹn kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ títò ló kù. Ìwé rẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ rò ó, ẹni tó bá a jà, ibi tí wọ́n ti parí ìjà. Mo kà á, ó dùn mọ́ mi, àfi bí ìgbà tí mo ń gbọ́ ẹjọ́ agboolé. Ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe gbé mi lọ kọ́ni ní Tápà ní ọdún kan. Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tó sọ ọ́ kò tíì pàdé bàbá yìí. Ó sọ ẹni tó tẹ abúlé kọ̀ọ̀kan dó fún mi, ó sọ ìdí tí wọ́n fi kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ó wá ní kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún níbi igi ìrókò. Mo rìn, mo rìn, mi ò rí ìrókò. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ní wọ́n ti gé ìrókò náà tipẹ́, gbogbo ará ibẹ̀ ló ṣì ń pe ibẹ̀ ní ìdí ìrókò. Ẹsẹ̀ mi wú kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Fi ohun tí àlejò máa kọ́kọ́ nílò sí ẹnu ọ̀nà. Bí bàbá rẹ ṣe ń to isu sínú àká ni. Èyí tí a máa jẹ wà nítòsí, èyí tí a máa gbìn wà nínú lọ́hùn-ún. Ìtàn ẹni tó tẹ ìlú dó dára, fi í sí ẹ̀yìn, ẹni tó bá ti jẹun yó yóò wá a lọ. Kí o sì máa padà wò ó bóyá wọ́n ti gé ìrókò kankan. Mo rí ibì kan nínú ìwé rẹ tó ní kí n lọ wo orí kejìlá. Mo ka iye orí tó wà níbẹ̀ títí, mi ò rí orí kejìlá. Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wò.

Mo tún dán nǹkan kan wò. Mo ní kí n ṣe bí arákùnrin Gánà yẹn. Mo mọ èdè òyìnbó, mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo gbé ìdì ìwé náà sórí ẹní, mo sọ fún bàbá rẹ pé wáyà ti já, kí ó jẹ́ kí n wá ohun tí a máa ṣe. Mo wá a láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí àwọn ewúrẹ́ fi wọlé. O ti sọ fún mi nínú lẹ́tà pé "Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi" ló ń jẹ́, síbẹ̀ mo fojú fò ó, mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá rẹ ní wáyà tó já fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn olè ti kó o. Nítorí náà, kí ìwọ náà máa gbé iṣẹ́ rẹ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí o sọ ohun tí yóò wá fún un, kí o jókòó tì í, kí o má sì là á lójú. Ibi tó bá ti ń họrí, ibẹ̀ ni kí o lọ tún ṣe. Bí o kò bá rí ẹlòmíràn, gbé e wá fún mi. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ lójú tó mi ní gbogbo Ìbàràpá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mi ò bí ọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ọ̀wọ̀ ní ibi tó ń gbé. Kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé tó bá kọ, pé òun ló kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dùn, fi í sí inú àlàyé, kí ẹni tó bá ti rí ohun tó ń wá lè rẹ́rìn-ín. Kọ̀wé sí i pẹ̀lú, sọ fún un pé, "Bàbá, mo ti yí i padà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, àwọn èyí ni mo yí, ìdí rẹ̀ nìyí." Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n àkọlé, kì í ṣe ti bàbá náà, kì í sì ṣe tìrẹ. Ti ẹni tó ń wá nǹkan ni. Bóyá òun ló ni oko tí èmi àti bàbá rẹ ń bá ara wa jà lé lórí. Mi ò mọ̀. Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni.

Má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o kò mọ̀ ọ́n ṣe, wá sílé, a máa jẹun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o kẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìyẹn á dùn mí jù, nítorí lọ́dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ.

Mo fẹ́ di lẹ́tà yìí pa ní ìrọ̀lẹ́ yìí nígbà tí Bàbá Dérẹ́bà yà wá béèrè bóyá ó ti tán. Mo ní ó ku ohun kan. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n kọ orúkọ yín sórí tákàdá kan fún ọmọ yín ní Ìbàdàn?" Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, mo rò pé ẹ ti kọ ọ́ tipẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ bá bàbá rẹ lẹ́yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà fún mi, Kẹ́hìndé, bí bàbá òyìnbó tìrẹ náà ṣe gbà fún ọ, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi kí n tó lè kọ ọ́, àgbàlagbà bíi tèmi.

Tákàdá àpò sìmẹ́ǹtì ni mo gé. Wàá rí i nínú ìdì yìí. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú rẹ á ti máa rí i bí o bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo kọ sí i ni èyí:

ÀGBO GÌRÌ. TI DÚRÓJAYÉ.

Èmi ti kọ tèmi. Kọ tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ìbejì Tíṣà, ará Èrúwà, kì í ṣe èyí tó jẹ adìyẹ.